Àjà Tí Kò Ní Ìyá Ìlà

Ajé, 4 oṣù kẹjọ

Iṣẹ́ àjà gbọ̀ngàn ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, tí bàbá mi kò fi ogún kankan sílẹ̀ fún ju òòyà irin tí a fi ń ya ìlà sára símẹ́ǹtì tútù, èmi ni àwọn ọ̀mọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ gíga wá kàn lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò tiẹ̀ béèrè ẹlòmíràn. Bíríkìlà tó lè ya ìlà sí àjà láìlo rúlà, tí ìlà náà yóò sì gún bí òjò ọjọ́ tí kò sí atẹ́gùn, èmi nìkan ló kù.

Àjà náà roboto, ó tẹ̀ bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Fèrèsé yí abẹ́ etí rẹ̀ ká. Alábòójútó ilé náà, ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ kì í dọ̀tí, mú mi lọ wo pákó funfun tí wọ́n tò ti ògiri.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Tí iṣẹ́ yín ò bá parí kó tó di ọjọ́ ìṣílé, pákó yìí la máa kàn bò ó."

Olórí ẹgbẹ́ bíríkìlà àti àwọn àgbà méjì wà níbẹ̀. Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sókè kí gbogbo wọn lè rí i. Mo ní, "Ọwọ́ yìí nìkan ló máa ya gbogbo ẹ̀, láti etí dé etí. Tí ọwọ́ ẹlòmíì bá kàn án, tàbí tí pákó bá bò ó, ẹ wá gba òòyà lọ́wọ́ mi. Mi ò ya ìlà mọ́ láyé."

Olórí ẹgbẹ́ ní, "A gbọ́ o." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń dúró kí n ṣubú.

Mo délé, mo rò ó fún ìyàwó mi. Ó ní, "Ẹnu yín yìí, Bàbá wọn, tí wọ́n bá fi rẹ́ ògiri, ilé méjì á parí kí símẹ́ǹtì tó dé."

Ìṣẹ́gun, 5

Olùkọ́ tó ni òfin iṣẹ́ náà, ìlànà tí ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tẹ̀lé, wá lónìí. Obìnrin kúkúrú ni, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹfun wà ní apá aṣọ rẹ̀. Tíṣà ni mo ń pè é. Òun àti àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ti gún ìṣó wẹ́wẹ́ sí gbogbo àjà. Òwú pupa wà lórí ìṣó kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi àtè mú un le kó lè kọjú síbi tí wọ́n fẹ́. Bí mo ṣe gbójú sókè, ó dà bíi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ìka tọ́ ara wọn lọ́nà, tí ẹnì kankan kò sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Bàbá, ibi tí òwú bá kọjú sí ni ìlà ń gbà. Ìlà kan ò gbọdọ̀ gé ìkejì."

"Ṣé èmi lẹ fẹ́ kọ́ ní ìlà yíyà?"

"Ó tì o, Bàbá. Àmọ́ tí ìlà bá dé etí àjà, kò tíì parí. Ó ń gba etí ọ̀hún wọlé ni, níbi tó kọjú sí i gan-an. Ẹ má kà á sí ibi méjì. Ibì kan náà ni."

"Báwo ni ìlà-oòrùn ṣe máa jẹ́ ibì kan náà pẹ̀lú ìwọ̀-oòrùn?"

"Nínú òfin yìí, bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní kókó méje ló wà nínú rẹ̀. Kókó ni ibi tí ìlà kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà, bí kókó inú igi. Mo wá a kiri, ìṣó kan ṣoṣo ni mo rí tí kò ní òwú.

"Mẹ́fà yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, Bàbá. Wọn ò kàn bọ́ sórí símẹ́ǹtì ni. Ojú ò lè tó wọn."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ibi tó fi agbòòrùn rẹ̀ sí. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo ti ń sọ òwe yẹn láti kékeré, òní ni ó kọ́kọ́ ṣe mí bákan lẹ́nu.

Mo wá bi í pé níbo ni ìyá ìlà wà. Bí a bá ń ya ìlà, ìyá ìlà la kọ́kọ́ ń fà, èyí tí àwọn yòókù kò gbọdọ̀ gé, òun la fi ń wọn gbogbo ọmọ. Tíṣà mi orí.

"Òfin mìíì ní irú ẹ̀, Bàbá. Èyí ò ní. Kò sí ìlà kan tí ẹ lè fi òdiwọ̀n kankan kọ́kọ́ fà tí àwọn yòókù ò ní gé."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀mọ̀wé ni, kò kúkú rẹ́ ilé rí.

Ọjọ́bọ̀, 7

Símẹ́ǹtì funfun ti tún gbówó lórí, ẹni tó ń tà á kò sì tijú.

Àbúrò mi ló ń pò ó fún mi, bó ti ń ṣe láti ìgbà tí irun orí wa ti dúdú. Àdákẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó mọ símẹ́ǹtì pò, ó mọ garawa gbé, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kó fi òòyà kan iṣẹ́ mi. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ó ń fi òòyà tó fi páànù gé fúnra rẹ̀ ya ìlà sí ògiri ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ògiri rẹ̀ nìyẹn, n kò lè ní kó má ṣe é.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án. Mo wà lórí sikáfóòdù ní etí ìlà-oòrùn, mo mí kanlẹ̀. Ohùn kan sọ létí mi wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ sinmi díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n." Mo yíjú, kò sí ẹnì kan. Àdákẹ́ wà lórí àkàbà ní etí ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún, ó kẹ̀yìn sí mi.

Mo pariwo, "Ìwọ lo sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni. Mo gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe mí lọ́rùn mi níbí."

Tíṣà ní àjà roboto máa ń gbé ohùn bẹ́ẹ̀. Ó dáa.

Ẹtì, 8

Òjò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò sí ohun tó gbẹ.

Ajé, 11

Mo dé kí Tíṣà tó dé. Mo so okùn mọ́ ìṣó tí kò ní òwú, mo fi fa ìyá ìlà yí i ká, roboto, kò yẹ̀ gẹ́rẹ́. Ẹni tó bá rí i yóò rò pé ńṣe ni wọ́n bí i mọ́ àjà náà. Káfíńtà tó ń to sikáfóòdù dúró wò ó, ó ní, "Bàbá, ọwọ́ yín yìí, kí wọ́n gé e sínú gíláàsì." Mo ní kó má ṣe gé e títí n ó fi parí.

Àdákẹ́ wo ìyá ìlà náà, ó wo òwú. Ó lọ po símẹ́ǹtì.

Ọjọ́rú, 13

Àwọn ìlà kò gbọ́rọ̀. Mo ń tẹ̀lé òwú jẹ́jẹ́, bí mo bá ti sún mọ́ ìyá ìlà, òwú á ní kí n gbà á kọjá. Mo fi agbára tẹ òòyà kó lè bá ìyá rìn. Ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní àyè mọ́, ó wá ń gun ara rẹ̀. Ibi tí mo bá ti tì í, ibòmíì ló ń wú sí. Ó ń ṣe bí ọmọ tí a ní kó pe ẹni tí kì í ṣe ìyá rẹ̀ ní màmá.

Ọjọ́bọ̀, 14

Tíṣà rí i. Kò pariwo. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í wọ̀.

"Bàbá, mo sọ fún yín."

"Tíṣà, kí wọ́n tó bí yín ni mo ti ń fa ìyá ìlà."

"Mo gbà, sà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe."

"Kí ló ń ṣe?"

"Gbogbo wọn ló ń sá fún un."

Mo gbójú sókè. Èmi kì bá tí sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti sọ ọ́, n kò rí nǹkan mìíràn mọ́.

Àbámẹ́ta, 16

Ìyá ìlà já lulẹ̀ lónìí. Mo wà ní etí ìwọ̀-oòrùn, mo gbọ́ ìró tó fọ́ létí mi gan-an, mo bo orí. Kò sí ohun tó já lọ́dọ̀ mi. Ọ̀kánkán mi lọ́hùn-ún ni símẹ́ǹtì ti wá ń ya bọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí a ń bó èèpo ọsàn. Ìró rẹ̀ ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó rí i tó kúrò lára àjà. Káfíńtà ní irọ́ ni, pé ìbẹ̀rù ló gbà mí. Àmọ́ òun náà ti sá lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ajé, 18

Mo ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Kì í ṣe pé mo ṣe àṣìṣe o. Oníṣẹ́ tí kò lè ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ kí ó tún un ṣe, kì í ṣe oníṣẹ́. Àwọn tó kù ì bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Alábòójútó wá bi mí bí mo ṣe rí i. Mo ní ó ń lọ dáadáa. Ó wo òkìtì tó wà nílẹ̀, ó wò mí, ó lọ wọn pákó rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 19

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi kókó, mò ń jáde bọ̀, láìsí ìyá. Ó ṣòro fún àgbà láti rìn nínú ilé tí kò ní òpó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ lásán. Ìlà náà ń yí, ó ń fẹ̀, ó ń yí, bí irun àtàrí ọmọ tuntun. Ẹyẹ kékeré kan gba fèrèsé wọlé, ó ń fò yí abẹ́ kókó náà ká, ọ̀nà kan náà tí ìlà ń gbà. A ṣí gbogbo fèrèsé, kò jáde. Nígbà tí mo gbé òòyà sílẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán ló tó rí ọ̀nà.

Ọjọ́bọ̀, 21

Ìlà àkọ́kọ́ dé etí. A gbé sikáfóòdù lọ sí etí kejì, mo sì mú ìlà náà níbẹ̀, mo ń fà á wọlé. Òwú bá a mu rẹ́gí. Mo ní, "Tíṣà, ẹ wò ó! Ó bọ́ sílé." Ó pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

N kò sọ èyí tó kù fún un. Ibì kan wà láàárín etí àti kókó, òwú wà níbẹ̀, ọ̀nà gún, kò sí ìdí kan. Bí òòyà mi ṣe dé ibẹ̀, ọwọ́ mi gbàgbé. Kò rọ, kò gbọ̀n. Ó kàn gbàgbé ohun tó wá ṣe, bí ẹni tó wọ yàrá tó dúró tó ń wo ògiri. Mo ní kí Àdákẹ́ gun òkè wá gbé garawa síbẹ̀. Ó dé ibẹ̀, ó dúró, garawa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lo ń wò?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rán mi?"

Mo ti kọjá ibẹ̀ báyìí. N kò mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà ni. N kò sì ní béèrè.

Ẹtì, 22

Iṣẹ́ dáa. Mo sùn dáadáa.

Ajé, 25

Nǹkan bàjẹ́. Àwọn ìlà tó gba etí wọlé ti wá dé ẹ̀gbẹ́ àwọn tí kò tíì jáde, wọ́n jọ dúró tira wọn. Láàárọ̀, ó dán, kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba fèrèsé wọlé, àjà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. N kò purọ́. Òjìji àwọn ìlà kan bọ́ sí apá ọ̀tún, ti àwọn kejì bọ́ sí apá òsì, ibi tí wọ́n ti pàdé ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹnu tó ń jẹ nǹkan. Káfíńtà gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, ó bì, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun máa padà wá lọ́la. N kò rò pé yóò padà wá.

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá fún mi. Ó wòkè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

"Bàbá wọn, kí lẹ ṣe fún òkè yìí tó ń bínú?"

Ìṣẹ́gun, 26

Ìfì ló fà á, ìyẹn bí òòyà ṣe ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òòyà kì í wọ símẹ́ǹtì ní ṣánṣán. Ìwọ̀n apá ló ń tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìlà á ga lápá kan, á rẹlẹ̀ lápá kejì, ibẹ̀ ni òjìji ti ń jáde. Ìfì mi ni àwọn èèyàn fi ń mọ iṣẹ́ mi ní gbogbo ìlú yìí. Ìfì yìí náà ló wá ń bá ara rẹ̀ jà.

Mo ha apá ibẹ̀, mo tún un yà. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbìyànjú láti inú wá sí etí dípò etí wá sínú. Nígbà tí mo dé etí, ìlà mi kò bá ibi tó yẹ kó gbà jáde mu, ó fi ìbú ìka kan yẹ̀. Ta ló lè bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò láti ibi tí kò tíì dé? Mo fi ọwọ́ òsì mi gbá òòyà mú. Ohun tí mo yà kò yàtọ̀ sí ibi tí adìẹ ti ń wá oúnjẹ. Mo ha á kúrò kíákíá kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ọjọ́bọ̀, 28

Mo jókòó lórí garawa tí mo dojú rẹ̀ dé, mò ń wo ilẹ̀. Àdákẹ́ wá dúró níwájú mi. Mo ní, "Sọ ọ́, tàbí kó o kúrò níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ni."

"Kí ló ṣe ọwọ́ mi?"

Ó gbé garawa kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ní kí a jọ rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ wò ó. A jọ ń lọ, garawa méjèèjì wà lápá ògiri kan náà. Àbí?"

"Ó dáa."

Ó yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ń bọ̀ wá pàdé mi. Garawa ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró. Tèmi wà lápá ògiri, tirẹ̀ wà lápá fèrèsé.

Ó ní, "Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń jáde látibi kókó, ẹ̀ ń bá àwọn ìlà rìn. Nígbà tẹ́ ẹ gba etí wọlé, ẹ̀ ń pàdé wọn. Ìlà kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, òjìji wá bọ́ sódì." Ó gbé garawa rẹ̀ sí ọwọ́ òsì. Garawa méjèèjì bọ́ sápá kan náà. "Àfi báyìí."

Láyé mi, n kò gbọ́ kí àbúrò mi sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ fi ọwọ́ òsì ya ìlà sórí iṣẹ́ mi?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Lójú olórí ẹgbẹ́, mo ní ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan!"

"Mo wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́."

"Gba ibẹ̀ yẹn lọ. Símẹ́ǹtì ń gbẹ."

Ó lọ. Ohùn rẹ̀ dé etí mi láti etí ọ̀hún, kò mọ̀ pé mo gbọ́. Ó ń bá símẹ́ǹtì sọ̀rọ̀. Ó ní, "Má gbẹ. Wọ́n ń bọ̀."

Àbámẹ́ta, 30

N kò lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní alábòójútó ti ní kí wọ́n gbé pákó wọ àárín gbọ̀ngàn.

Ìyàwó mi ń fọ aṣọ. Ó ní, "Ta lẹ ń bá jà gan-an?"

"N kò bá ẹnì kankan jà."

"Ẹ dákẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń fọ ẹ̀wù yín yìí. Ṣé kí n fi ọ̀tún nìkan fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa mọ́?"

Obìnrin kì í jẹ́ kí èèyàn ronú.

Ajé, 1 oṣù kẹsàn-án

Mo pàṣẹ fún Àdákẹ́ kó gun òkè. Àṣẹ ni, n kò bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá ló ń yan irinṣẹ́, bí ọ̀gá bá sì rí i pé ọwọ́ òsì ni irinṣẹ́ tó yẹ, ọgbọ́n ọ̀gá náà ni.

Mo na òòyà bàbá wa sí i. Ó wò ó títí. Ó fi ọ̀tún gbà á, bí a ti kọ́ ọ, lẹ́yìn náà ló gbé e sí òsì. Ó mú ìlà níbi tí mo ti fi í sílẹ̀ ní etí, ó fà á wọlé. Kò dúró, kò tún un wò. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ láti bá a wí. Kò sí ibi tí mo ti rí àyè.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé. Àjà kò mira.

Ọjọ́rú, 3

Bí mo bá yà dé etí, mo máa sọ pé, "Gbà á." Òun á mú un ní etí ọ̀hún. Páànù tó gé fún ara rẹ̀ ló ń lò, mo gba tèmi padà. A kì í pariwo. Ohùn ń dé etí ẹni bí ẹni pé ẹnu wà ní èjìká. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí nígbà tó bá ń fà, mo sì mọ ìgbà tó máa dé ọ̀dọ̀ mi. Lẹ́ẹ̀kan mo gbọ́ mímí ẹnì kẹta. Mo dá òòyà dúró. Òun náà dá tirẹ̀ dúró.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni?"

Mo ní, "Èmi ni." Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹtì, 5

Àwọn ìlà ti ń fún mọ́ ara wọn. Tèmi ń bọ̀ láti apá kan, tirẹ̀ ń bọ̀ láti apá kejì, ààyè tó kù láàárín wọn ń tín-ín-rín, ó ń wọ́ kiri àjà, ó gba etí jáde, ó gba etí wọlé, ó padà bá ara rẹ̀. Eyín òòyà kò wọ ibẹ̀ mọ́. Mo fi ìṣó yà á, ìṣó náà kò wọ ibẹ̀ mọ́. Ohun tó kù dán, ó funfun, ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Kò sí ìlà kankan tó gé e. Gbogbo wọn ń sún mọ́ ọn, kò sí èyí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo ké sí Tíṣà. "Ìyá ìlà nìyí! Ṣé mo sọ fún yín àbí n kò sọ?"

Ó wò ó títí tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Ó ní, "Ẹ ò fà á, Bàbá."

"Ta ló wá fà á?"

"Kò sẹ́ni tó fà á. Kò sí òdiwọ̀n tó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Èmi tí mo ti ya ìlà káàkiri ìlú yìí, mo sọ̀kalẹ̀ lórí sikáfóòdù bí ẹni tó rí ẹni tó ń sùn tí kò fẹ́ jí i.

Ìṣẹ́gun, 9

Ọ̀la ni ìṣílé. Wọ́n ti tú sikáfóòdù. Alábòójútó wá ní ọ̀sán, olórí ẹgbẹ́ àti àwọn àgbà rẹ̀ tẹ̀lé e. Alábòójútó tọ́ka sí ibi tín-ín-rín náà, ó ní a ò ya ibẹ̀ tán. Tíṣà ní ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti parí. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ níwájú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n padà dé, alábòójútó ní kí wọ́n kó pákó jáde.

Mo ti fẹ́ rẹ́rìn-ín. Olórí ẹgbẹ́ ní, "Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní wọ́n rí àbúrò yín lókè pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni?"

Àdákẹ́ wò mí. Ó ti fẹ́ sọ pé símẹ́ǹtì lòun lọ fi dí ibì kan. Mo rí irọ́ náà lẹ́nu rẹ̀.

Mo ní, "Òótọ́ ni. Òun ló ya apá kan."

"Apá wo?"

Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sókè láti fi tèmi hàn wọ́n. Ìfì mi, tí afọ́jú lè fi ọwọ́ pa kó mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti kókó, mo tẹ̀lé e, mo tẹ̀lé e dé etí, mo yíjú, mo tẹ̀lé e wọlé ní etí kejì. Èmi nìyí. Tàbí òun. Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lórí gbogbo rẹ̀, òjìji gbogbo rẹ̀ sùn sí apá kan ṣoṣo. Mo wá ibi tí ọwọ́ mi parí, n kò rí i. Mo ní kí Àdákẹ́ fi tirẹ̀ hàn wọ́n. Ó na ọwọ́ òsì sókè. Ọwọ́ rẹ̀ ń yí lábẹ́ àjà, tèmi ń yí, a ò dá ara wa dúró.

Olórí ẹgbẹ́ ní, "Ó tó."

Mo sọ ọ́ fún wọn pé ọ̀rọ̀ mi kì í yẹ̀. Mo fa òòyà bàbá mi yọ nínú àpò, mo nà án sí olórí ẹgbẹ́ kó wá gbà á. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó wo òkè, ó fà á padà. Ó na òsì, ó fà á padà. Èmi, àbúrò mi àti olórí ẹgbẹ́, àwa mẹ́ta dúró síbẹ̀, òòyà wà láàárín wa, kò sí ẹni tó mọ ọwọ́ tó yẹ kí a fi gbà á.